Ẹyin Erè Méje ní Ìkòsí

Ẹyin ni iṣẹ́ mi. Ọdún méjìlélógún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan lẹ́yìn Ìkòsí tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ sàba lé ẹyin adìyẹ. Ibi tí wọ́n ti ń fọ páálí ẹyin ni wọ́n kọ́kọ́ fi mí sí. Nígbà tí wọn yóò fi ti ilé-iṣẹ́ náà pa, èmi ni wọ́n ń pè bí ẹ̀rọ bá ń ṣe ségesège, èmi náà ni mo sì ń yẹ ẹyin wò lójú iná nínú yàrá òkùnkùn láràárọ̀. Bí mo bá gbé ẹyin sójú iná, kí ẹni tó dúró tì mí tó ka ení, èjì, mo ti mọ̀ bóyá ọmọ wà nínú rẹ̀, bóyá òfìfo ni, tàbí ọmọ inú rẹ̀ ti kú. Mi ò sọ èyí láti yin ara mi. Mo ń sọ ọ́ kí ẹni tó bá ń kà á lè mọ ohun tó fà á tí mo fi ṣe ohun tí mo ṣe.

Ọdún tí mo pé àádọ́ta ni wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà. Ìwé kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ géètì. Mo lọ sí ibi mẹ́ta mìíràn tí wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ọ̀kan lọ́nà Ìkòròdú, méjì ní ìhà Ògùn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ní ìwé ẹ̀rí gíga ni wọ́n ń wá. Níbi kẹta, ọmọbìnrin tó ń gba orúkọ sílẹ̀ bi mí pé, "Mummy, ta lẹ bá wá?" Mo ní èmi fúnra mi ni mo wá. Ó wo ojú mi, ó ní kí n jókòó. Mo jókòó títí wọ́n fi lọ jẹun ọ̀sán, mo dìde, mo wá sílé.

Ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Àwọn ọmọ wa méjèèjì ti kúrò nílé. Yàrá méjì àti pálọ̀ ni a ń gbé nísàlẹ̀ ilé kan tí kò jìnnà sí Kétu, a sì ní yàrá kékeré kan lẹ́yìn tí wọ́n fi páànù bò, níbi tí a ń kó ẹrù sí. Obìnrin àgbàlagbà tó ni ilé ń gbé lókè. Mummy ni gbogbo ilé ń pè é.

Bí erè ṣe dé ọ̀dọ̀ mi nìyí. Ọkùnrin kan wà tó ń wa yanrìn ní Àgbóyì. Bó bá ti gúnlẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, ó máa ń gbé ẹja wá fún mi. Ní Sátidé kan tí òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, àpò sìmẹ́ńtì kan ló gbé kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ìdáná wa.

"Aunty, ẹ wá wo ẹran."

"Irú ẹran wo?"

"Èyí tí kò lẹ́sẹ̀, tí kò lè sá fún yín. Ẹ ṣáà fi ata sí i, Daddy á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìka wọn mọ́ ọn."

Erè ni. Kì í ṣe erè ńlá tí ń gbé ewúrẹ́ mì. Èyí kúrú, ó sanra, ó dúdú bíi kọfí, àwọn àmì ara rẹ̀ sì pọ́n bí epo tó ti dì. Ó ti ká jọ bí òṣùká, ó fi orí pamọ́ sáàárín. Ọkùnrin náà ní abẹ́ igi kan létí omi lòun ti rí i, bí òun ṣe fọwọ́ kàn án ló ṣe bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ gbìyànjú láti ṣán òun.

"Ojo ni," ó ní. "Ẹ ò rí i bó ṣe ń tijú yín."

Mo ti mọ ẹnìkan tó ń sin irú rẹ̀. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá kan máa ń ti Mende wá láti wá kó àwọn akọ òròmọdìyẹ tí a bá ṣà sọ́tọ̀, nítorí ẹni tí ń sin adìyẹ ẹlẹ́yin kò nílò akọ. Àwọn ejò rẹ̀ ni ó ń kó wọn lọ fún. Kò ju ẹni ogójì ọdún lọ, Aunty Ẹlẹ́yin ni ó sì máa ń pè mí. Mo gba àpò náà lọ́wọ́ ọkùnrin oníyanrìn, mo pe ọ̀gá yìí lórí fóònù. Mo ní mo rí erè kan, wọ́n sì fẹ́ pa á jẹ.

Ó dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó gbé erè náà lé ọwọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó yẹ abẹ́ ìrù rẹ̀ wò.

"Abo ni. Ó ti dàgbà tó láti yé. Aunty Ẹlẹ́yin, ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ yín. Màá gbé akọ wá bá a nígbà ọyẹ́."

"Kí n fi ṣe kí ni, sà?"

"Ẹ gbọ́. Erè ogójì ló wà nínú yàrá kan nílé mi. Wọ́n ń yé, kò sẹ́ni tó mọ ìtọ́jú ẹyin wọn. Ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹyin mọ́kànlá ló jẹ́ kó hu èéhù mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ti lọ. Tẹ́ ẹ bá lè pa ẹyin eléyìí lọ́wọ́ ara yín, ẹ wá máa bójú tó tèmi. Iṣẹ́ ti dé nìyẹn."

Ó ní òun ní ìwé àṣẹ fún àwọn tòun, òun yóò sì fi eléyìí kún un. Ó tún ní ọ̀rọ̀ ẹyin, èmi ni mo mọ̀ ọ́n ju òun lọ. Inú mi dùn sí èyí. Ó ti tó ọdún kan tí ẹnikẹ́ni ti sọ pé mo mọ nǹkan ju òun lọ.

Mo palẹ̀ yàrá ẹ̀yìn mọ́. Mo fi pákó kan àpótí, mo dá ihò sí i lára fún afẹ́fẹ́, mo fi ìkòkò amọ̀ tó fọ́ sínú rẹ̀ kí erè náà lè rí ibi sá pamọ́ sí. Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kò jẹun. Ọ̀gá Mende kó eku funfun wá, kò bojú wò ó. Mo bi oníyanrìn pé kí ni irú rẹ̀ ń jẹ lọ́dọ̀ tiwọn, ó ní eku oko ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi páńpẹ́ mú un wá fún mi. Ní Ọjọ́bọ̀ kan mo ju eku oko kan sí i, mo pa iná, mo jáde. Nígbà tí mo padà, eku ti lọ. Láti ọjọ́ náà, Ọjọ́bọ̀ ni mo ń fún un lóúnjẹ. Ìwé kékeré kan wà tí mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: ọjọ́ tó jẹun, ọjọ́ tó bọ́ awọ, bó ṣe wúwo tó lórí ìwọ̀n ìdáná mi.

Ọ̀gá Mende fi fídíò gígùn kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Òyìnbó kan ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ó ń kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yára, ṣùgbọ́n mo dúró, mo ń dá a padà, mo sì gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wo ibi tó ti ń sọ nípa ooru àti omi, àti ibi tó ti ń sọ bí akọ ṣe ń bá abo gbé. Nígbà tó dé orí ẹyin, mo pa á. Dátà ń lọ. Mo sì sọ fún ara mi pé òyìnbó yìí kọ́ ni yóò wá kọ́ mi ní ẹyin.

Ọyẹ́ dé, akọ dé. Ó kéré sí abo, ara rẹ̀ kò sì balẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta mo bá wọn tí wọ́n ti lọ́ ìrù mọ́ra lẹ́yìn ìkòkò. Mo pe ọkọ mi kó wá wò ó. Ó yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kú ìnáwó o," ó sì padà sí pálọ̀.

Lẹ́yìn tí ọ̀gá Mende ti wá gbé akọ rẹ̀ lọ, abo kọ oúnjẹ, ara rẹ̀ ń tóbi láàárín. Mummy onílé ránṣẹ́ pè mí sókè.

"Ìyàwó, wọ́n ní ò ń sin ejò nínú ilé mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Mi ò mọ irọ́ tí mo lè pa.

"O fẹ́ pa á jẹ ni?"

"Rárá, mà."

"Ó ń bá wa ṣọ́lé?"

"Rárá, mà."

"Kí ló wá ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ti lóyún ni, mà."

Mummy gbé ọwọ́ lé orí. "Jésù! Ajá lóyún, mo gbọ́. Ológbò lóyún, mo gbọ́. Ìyàwó, láràárọ̀ ni mò ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fi ejò sábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ṣé bó ṣe wá dáhùn nìyí? Èmi lókè, ejò aboyún nísàlẹ̀?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ṣàlàyé iṣẹ́ tí ọ̀gá Mende ṣèlérí. Mo ní tí àwọn ẹyin náà bá pa, èmi àti ejò náà la ó jọ kó lọ sẹ́nu iṣẹ́, kò ní í sí ejò kankan nínú ilé mọ́. Ó wò mí pẹ́. Ó mọ iye oṣù tí mo ti wà nílé.

"Ó dáa," ó ní. "Ṣùgbọ́n tí a bá ti ṣe ọdún Àjíǹde, mi ò fẹ́ rí i. Òun àti ọmọ tó bá bí. Ìwọ nìkan ni kó kù níbẹ̀."

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ó yé. Nígbà tí mo ṣí àpótí ní aago méje, ó ti ká ara rẹ̀ yí ẹyin méje po, ó gbé orí lé wọn. Ẹyin náà funfun, wọ́n gùn ju ti adìyẹ lọ, èèpo wọn rọ̀ bí awọ, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ra wọn. Mo jókòó tì í lórí àpótí ìjókòó kékeré. Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣe é. Adìyẹ tó ń sàba, bí o bá ṣọ́ ọ dáadáa, wàá rí i tí yóò sún dìde díẹ̀, tí yóò fi ẹnu yí ẹyin rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, kó tó tún sàba lé wọn. Ẹ̀rọ ni àwa náà fi ń ṣe é níbi iṣẹ́. Ẹyin adìyẹ tí a kò bá yí, ọmọ inú rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ èèpo, yóò sì kú. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi nìyẹn.

Erè yìí kò yí ẹyin kankan. Mo jókòó títí di aago mẹ́wàá, ó kàn ká mọ́ wọn ni, kò mira. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní kò kúkú lọ́wọ́, kò ní ṣóńṣó ẹnu, ta ni yóò bá a yí wọn?

Mo fi táwẹ́ẹ̀lì bò ó lórí, mo yọ ọ́ kúrò lórí wọn díẹ̀díẹ̀. Mo fara balẹ̀ ya àwọn ẹyin náà kúrò lára wọn. Kò sí èyí tó ya. Mo tò wọ́n sínú kúlà kan tí ọmọrí rẹ̀ kò dé dáadáa mọ́, lórí ohun fúyẹ́ kan bí iyanrìn tí ọ̀gá Mende ti gbé wá, tí mo fi omi rin. Ó ti sọ fún mi pé ooru rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá dígírì méjìlélọ́gbọ̀n. Mo so gílóòbù kan sínú kúlà náà, mo fi tẹ̀mómítà sí i. Nígbà tí iná ọba bá lọ, ooru abẹ́ páànù tó wọn lọ́sàn-án. Bó bá di ìdájí, mo ń fi ìgò omi gbígbóná tí mo wé ní aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn.

Lẹ́yìn náà mo mú pẹ́ńsùlù. Mo fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ kan ẹyin kọ̀ọ̀kan, mo kọ òdo sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Aago mẹ́fà àárọ̀, aago méjì ọ̀sán, aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ìgbà mẹ́ta, kì í ṣe mẹ́rin, nítorí ẹ̀gbẹ́ tó bá wà lókè mọ́jú òní kò gbọdọ̀ wà lókè mọ́jú ọ̀la. Mi ò pa ìgbà kan jẹ. Ní ọjọ́ Ìsinmi mo máa ń kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó ka ìkéde, kí aago méjì má baà bá mi lọ́nà.

Lọ́jọ́ kẹfà mo fi ìró bo ara mi àti kúlà náà, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù yẹ wọ́n wò. Iṣan ẹ̀jẹ̀ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó pupa, ó tàn ká bíi gbòǹgbò. Méje nínú méje. Níbi iṣẹ́ a kì í rí irú rẹ̀. Nínú páálí kan a máa ń yọ mẹ́rin, márùn-ún dànù. Mo pe ọkọ mi. Ó wọ abẹ́ ìró, a jọ há síbẹ̀.

"Ó dà bí ojú ẹni tí kò sùn," ó ní.

"Ọmọ ni."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

Ó wá ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Mummy." Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ti ilé-iṣẹ́ wa, kò tíì kí mi bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹtàlá mo tún yẹ wọ́n wò. Nínú méjì, iṣan ti parẹ́, òrùka ẹ̀jẹ̀ kan ló kù. Mo mọ òrùka náà. Mo ti rí i ju bí mo ṣe lè kà lọ. Mo gbé ẹyin méjèèjì sílẹ̀, mo tún gbé wọn, bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń wò. Mo wo tẹ̀mómítà: méjìlélọ́gbọ̀n géérégé. Mo tẹ ohun tí wọ́n sùn lé: ó tutù níwọ̀nba. Kò sí èéhù. Mo jókòó, mo ro ó bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti máa rò ó. Bí ooru kò bá ṣẹ̀, bí omi kò bá ṣẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n ń lẹ̀ mọ́ èèpo ni. Yíyí wọn kò tó.

Mo sọ ọ́ di ìgbà márùn-ún lójúmọ́.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, mẹ́ta mìíràn ti lọ. Mo pe ọ̀gá Mende, fóònù rẹ̀ kò wọlé. Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé òun ń rìnrìn àjò. Mo ń pè é lójoojúmọ́. Ọkọ mi ní kí n jẹun. Mo jẹun. Ìgbà márùn-ún lójúmọ́ ni mo ń wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, mo ń fi ìka méjì gbé àwọn tó kù, mo ń yí wọn jẹ́jẹ́ bí ẹni ń yí ọmọ tó ń sùn. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n rí. Mo fẹ́ kí èyí yé ẹni tó ń kà á. Kò sí èyí tí mo jù, kò sí èyí tí mo jẹ́ kó bọ́.

Lọ́jọ́ kẹrìnlélógún ọ̀gá náà gbé fóònù.

"Aunty Ẹlẹ́yin! Àwọn ọmọ wa ńkọ́?"

"Méjì ló kù nínú méje, sà."

"Há. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ooru ńkọ́?"

"Méjìlélọ́gbọ̀n. Kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀."

"Omi ńkọ́? Èéhù?"

"Kò sí èéhù, sà. Omi tọ́."

"Ó yà mí lẹ́nu o. Àbí ẹ̀ ń ṣí i jù ni?"

"Ìgbà tí mo bá fẹ́ yí wọn nìkan ni mo ń ṣí i."

"Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí kí ni?"

"Ẹyin náà, sà."

Mo ń gbọ́ ìró ọkọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Aunty," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "a kì í yí ẹyin ejò."

Mo ní, "Ẹ ní kí ni?"

"A kì í yí i. Bó bá ti yé e sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló máa wà títí yóò fi pa. Ọmọ inú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ òkè, ibẹ̀ ló ti ń mí. Tẹ́ ẹ bá yí i, ó ti wà nísàlẹ̀ omi nìyẹn. Kò sí nínú fídíò yẹn ni?"

"Ó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀, sà."

Ó wà níbẹ̀. Mo wò ó lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn ibi tí mo ti pa á. Òyìnbó náà gbé ẹyin kan sókè, ó fi kálámù sàmì sí orí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èmi náà ti ṣe. Ó ní àmì náà wà kí ẹyin má baà ṣèèṣì yí.

Mo mú ìwé mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí mo ti yí wọn. Mo dá a dúró láàárín. Ọkọ mi bi mí pé kí ni ọ̀gá wí. Mo sọ fún un. Olùkọ́ ni, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa irọ́ ìtùnú. Ó ní, "Nítorí náà, ká ní ẹ ò mọ nǹkan kan nípa ẹyin ni..." Kò parí rẹ̀. Ó lọ gbé omi fún mi wá.

Ẹyin méjì ló kù, n kò sì mọ ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kó wà lókè mọ́ nínú wọn. Mo fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ọ̀kan kú lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn náà. Èyí tó kù kò kú. Iṣan rẹ̀ nípọn sí i, lẹ́yìn náà ó ṣókùnkùn, bó ṣe yẹ kí ẹyin tó ní ọmọ ṣókùnkùn. Mi ò fọwọ́ kàn án mọ́. Mo kàn ń jókòó tì í ni. Bí aago mẹ́fà bá lù, ọwọ́ mi á dìde fúnra rẹ̀; mo máa ń jókòó lé e.

Nígbà tí mo bá ọ̀gá Mende sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ẹyin kan ṣoṣo náà tó. Ó ní tó bá ti lè pa, kí n gbé e wá, òun yóò mú ọ̀rọ̀ òun ṣẹ. N kò mọ̀ bóyá àánú ló ṣe é. Mo gbà á bó ṣe sọ ọ́.

Ọdún Àjíǹde ń bọ̀. Mummy onílé kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n bó bá ti pàdé mi lórí àtẹ̀gùn, ó máa ń wo ìhà yàrá ẹ̀yìn kó tó dá mi lóhùn. Ọjọ́ méjìdínlọ́gọ́ta pé. Òyìnbó náà ní ó yẹ kí ọmọ ti máa fi eyín kékeré kan ya èèpo láti inú. Èèpo kò ya. Ọgọ́ta pé. Ọkọ mi ní bóyá ọmọ náà fẹ́ sinmi. Ní ọjọ́ kejìlélọ́gọ́ta, ẹyin náà ti ń fà wọnú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ní òórùn díẹ̀. Imú mi mọ òórùn náà kí n tó dé ẹnu ọ̀nà.

Mo ní kí ọkọ mi bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú. Mo fi abẹ tuntun la èèpo láti orí.

Ó wà nínú rẹ̀, ó ká jọ. Ó ní àmì ara rẹ̀ gbogbo, dúdú àti pupa. Ó ní ojú, ó ní ahọ́n, ó ní ìpẹ́ kéékèèké lábẹ́ ikùn. Pupa ẹyin tó yẹ kó ti jẹ tán ṣì wà lára rẹ̀, ó tóbi. Bí mo ṣe rí i, kò tíì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tó kú.

"Ó pé," ọkọ mi ní.

"Ó pé."

Kò sí ohun kan tí kò ní. Ìyẹn ni mi ò lè mú kúrò lọ́kàn.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Àjíǹde, mo gbé ìyá rẹ̀ sínú agbọ̀n aṣọ, mo fi ìró bò ó, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Mende. Mummy onílé dúró lórí bálíkónì. Ó ní, "Ìyàwó, Ọlọ́run á ṣe ọ̀nà rẹ ní rere." Mo mọ̀ pé ó sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Yàrá ejò ọ̀gá náà tutù, ó mọ́, àpótí tò léra wọn kan òkè. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó wọ ìbọ̀wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ọ̀gá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, yunifásítì ló ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko. Kò wò mí lójú nígbà tó ń sọ ọ́. Mo gbé ìwé mi jáde, nítorí mo ti ṣèlérí pé èmi yóò fi hàn án. Ọ̀gá ṣí i, ó ń ka ojú ewé lọ́kọ̀ọ̀kan: ọjọ́, aago, ooru, ìlà, òdo, ìlà, òdo.

"Ẹ ṣe é dáadáa," ó ní. "Aunty, kò sẹ́ni tó lè ṣe é tó báyìí."

Ó fún mi ní ìwé náà padà. Ó ní erè lè dúró, ààyè wà fún un, kò níṣòro. Ó ní kí n máa pe òun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní ó dáa.

Wọ́n gbé erè sínú àpótí tuntun. Mo sọ fún wọn pé Ọjọ́bọ̀ ló ń jẹun. Mo ní kì í jẹ eku funfun, eku oko nìkan ni, kí wọ́n ju ú sí i, kí wọ́n pa iná, kí wọ́n sì jáde, torí kì í jẹun lójú ènìyàn. Ọ̀gá ní, "A óò ṣe é, Aunty." Fóònù rẹ̀ dún, ó yí padà láti gbé e. Ọmọbìnrin náà ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Mo dúró títí ó fi bọ́ ọ tán, mo wá tún un sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.